Ó Ti Fò, Ó Ti Fọ́

Kíláàsì tíṣà tí wọ́n ń pè ní Ìyá Ẹyẹ ló pariwo jù ní ilé-ìwé náà. Láti ẹnu géètì lèèyàn ti máa gbọ́ wọn tí wọ́n ń ka ìṣirò bí ẹni ń pe ará òdì-kejì odò. Tíṣà yàrá kejì ti fẹjọ́ wọn sùn títí ó fi sú u. Ìyá Ẹyẹ kì í bá wọn wí. Tí ọmọ bá dáhùn jẹ́jẹ́, ohun tó máa ń sọ ni pé, "Tún un sọ, kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́." Gbogbo èèyàn gbà pé kò kàn fẹ́ ọmọ tí ń jẹ ọ̀rọ̀ sẹ́nu ni.

Òun gan-an ni "àwọn tó wà lẹ́yìn." Etí rẹ̀ ti ń di díẹ̀díẹ̀, ó sì dá a lójú pé kò sẹ́ni tó mọ̀ àfi ọkọ rẹ̀. Nílé, ọkọ á dín ohùn tẹlifíṣọ̀n kù, ìyàwó á tún un gbé sókè, wọ́n á máa bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí oorun á fi gbé ọ̀kan nínú wọn. "Lọ rí dókítà," lọkọ máa ń wí. "Tí mo bá ti ìrìn àjò dé," nìyàwó máa ń fèsì. Ọdọọdún ló ń sọ bẹ́ẹ̀.

Ìrìn àjò tó ń wí ni ti ẹyẹ wíwò. Ó máa ń kó àwọn ọmọ lọ sí igbó kan tí wọ́n dáàbò bò, tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣọdẹ níbẹ̀. Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ tíṣà ti ń dùn mọ́ ọn jù. Lọ́dún yìí, ọ̀gá ilé-ìwé ní kí Tíṣà Kékeré, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba iṣẹ́, bá a lọ. "Kó kàn máa wò bí ẹ ṣe ń ṣe é ni, Ìyá," ni ọ̀gá wí. Ìyá Ẹyẹ kì í ṣe ọmọdé. Ó mọ̀ pé òun ni wọ́n rán an láti wá wò, àti pé tóun bá ṣi ẹsẹ̀ gbé pẹ́rẹ́, ẹlòmíì lá máa kó wọn lọ.

Nínú igbó, wọ́n wọ ahéré onípákó kan tó kọjú sí adágún omi, wọ́n ń gba ihò tẹ́ẹ́rẹ́ ara ògiri yọjú. Awò kan ṣoṣo ló wà, èyí tí ń fa ohun tó jìnnà súnmọ́ ojú, ọwọ́ àwọn olùṣọ́ igbó ni wọ́n sì ti yá a. Òfin ibẹ̀ ò ju ọ̀kan lọ: wúyẹ́wúyẹ́ ni kí wọ́n máa sọ̀rọ̀. Ìyá Ẹyẹ ló ṣòfin yẹn fúnra rẹ̀, kò sì rò ó dé ibi tó máa já sí.

Ẹyẹ apẹja kan bà sórí ẹ̀ka tó rọ̀ sórí omi. Ọmọbìnrin kan tí wọ́n ń pè ní Gbohùngbohùn nítorí ohùn ńlá rẹ̀ ló kàn láti lo awò. Ṣùgbọ́n òfin ni òfin. Ó wò títí, ó yíjú padà, ó sì fi èémí lásán sọ ọ́: "Mà, ó ti fò."

Téèyàn bá ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ á di ọ̀kan náà lẹ́nu rẹ̀. Etí tó ń di ò sì mọ fò yàtọ̀ sí fọ́; ohun tí Ìyá Ẹyẹ gbọ́ ni pé ó ti fọ́.

"Kí ló fọ́?" Igbe náà mi pákó ahéré. "Awò ẹni ẹlẹ́ni! Ta ló jù ú sílẹ̀?"

Gbogbo ẹyẹ etí omi gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, lékeléke, pẹ́pẹ́yẹ, àti àwọn tí kò sẹ́ni tó tíì mọ orúkọ wọn. Gbohùngbohùn gbé awò sókè. Kò fọ́, kò sán. "Ẹyẹ ni mo ní ó fò, mà." Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín títí. Tíṣà Kékeré ò rẹ́rìn-ín. Ó wo etí Ìyá Ẹyẹ, ó sì gbójú kúrò. Ojú ti ìyá náà gan-an.

Nínú bọ́ọ̀sì, àwọn méjèèjì jókòó níwájú. Nígbà tó ṣe, Ìyá Ẹyẹ bi í pé, "Kí lo máa sọ fún ọ̀gá?"

Tíṣà Kékeré wẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí àwọn ọmọ má baà gbọ́, ó sì sọ nǹkan kan. Ariwo ẹ́ńjìnnì gbé gbogbo rẹ̀ lọ. Ìyá Ẹyẹ ti fẹ́ẹ̀ ní kó tún un sọ kí àwọn tó wà lẹ́yìn lè gbọ́, ṣùgbọ́n àwọn tó wà lẹ́yìn gan-an ni kò yẹ kó gbọ́.

"Mi ò gbọ́," ó wí. Kò sọ bẹ́ẹ̀ rí lẹ́nu iṣẹ́.

Tíṣà Kékeré bá kígbe. "Mo ní mi ò ní sọ nǹkan kan, mà! Ẹ̀yin lẹ máa sọ fún wọn fúnra yín!"

Ìyá Ẹyẹ dìde, ó di àga mú, ó kọjú sí àwọn ọmọ. "Ẹ̀yin ọmọ mi, etí mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ dáadáa mọ́."

Wọ́n wo ara wọn. Gbohùngbohùn ló dáhùn, gbogbo ohùn rẹ̀ ló sì lò. "A ti mọ̀ tipẹ́, mà! Kí lẹ rò pé ó ń mú wa pariwo?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, ó sì tún dùn mọ́ ọn. Nígbà tí bọ́ọ̀sì yà wọ géètì, ọ̀gá ilé-ìwé ti dúró níbẹ̀, ẹnu rẹ̀ ń mì, ó ń béèrè nǹkan. Ìyá Ẹyẹ ló kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ sọ ọ́ sókè, ọ̀gá," ó wí. "Mi ò gbọ́."