Orin Tuntun Tí Ìyá Onírọ́ọ̀kì Kò Gbọ́

Ní ilé-iṣẹ́ ìhunṣọ tí obìnrin yìí ti ń ṣiṣẹ́, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó ń pe orúkọ rẹ̀ mọ́. Ìyá Onírọ́ọ̀kì ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Kò bínú sí i, torí òun náà ló fọwọ́ ara rẹ̀ fà á. Láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀ ló ti fẹ́ràn ẹgbẹ́ olórin rọ́ọ̀kì kan tó ń jẹ́ Iná Òpópónà, ìfẹ́ náà sì pọ̀ débi pé ó lè gbàgbé ohun tó jẹ lánàá, àmọ́ kò jẹ́ gbàgbé ibi tí gìtá ti wọlé nínú orin wọn kankan. Nídìí ẹ̀rọ, bí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá ń sọ̀rọ̀ ọkọ àti ọmọ, orin Iná Òpópónà lòun máa ń kọ lábẹ́ ètè, tí orí rẹ̀ á máa mì bí orí alángbá.

Àwọn mẹ́rin ni wọ́n wà nínú ẹgbẹ́ náà. Ẹni tí wọ́n ń pè ní Olóhùn ló ń kọrin, Ọlọ́wọ́-Òsì ló ń ta gìtá, àwọn méjì yòókù a máa gbè wọ́n lẹ́yìn. Kòríkòsùn ni Olóhùn àti Ọlọ́wọ́-Òsì tẹ́lẹ̀. Àfi bí ìjà kan ṣe dé, tí ẹnikẹ́ni kò mọ ìdí rẹ̀ dáadáa. Ọlọ́wọ́-Òsì gbé gìtá rẹ̀ kalẹ̀ láàárín orin lójú gbogbo èèyàn, ó bá ẹ̀yìn ìtàgé jáde, ó sì di pé àwọn méjèèjì kò rí ara wọn sójú mọ́. Ìyá Onírọ́ọ̀kì ṣọ̀fọ̀ ẹgbẹ́ náà bí ẹni tí èèyàn rẹ̀ kú. Ọkọ rẹ̀, tó ṣì wà láyé nígbà yẹn, bi í pé, "Ṣé àwọn tí kò mọ̀ pé o wà láyé lò ń torí wọn kọ oúnjẹ?" Obìnrin náà ní oúnjẹ ni kò wu òun. Kò sì wù ú fún bí ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Ogún ọdún ó lé kọjá. Ọkọ rẹ̀ kú. Ọmọbìnrin kan ṣoṣo tí wọ́n bí dàgbà, ó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì ní ibùdókọ̀ rélùwéè, inú ilé kan náà lòun àti ìyá rẹ̀ sì ń gbé. Níbi iṣẹ́, wọ́n gbé ìyá kúrò nídìí ẹ̀rọ, wọ́n mú un lọ sí yàrá tí wọ́n ti ń yẹ aṣọ wò. Níbẹ̀, òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan á na aṣọ sórí tábìlì gígùn tí iná ń tàn lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á máa wá ibi tí òwú ti já. Yàrá náà dákẹ́ rọ́rọ́. Àmọ́ ariwo ẹ̀rọ ìhunṣọ ti ṣe tiẹ̀ tán kí wọ́n tó gbé e dé ibẹ̀. Etí òsì rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di pátápátá, tọ̀tún sì ń gbọ́ bí ìgbà tí èèyàn fi ìrọ̀rí bo orí.

Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ó di ọ̀gá nínú kéèyàn máa wo ẹnu, kó sì fi òye pa ìyókù pọ̀. Bí ọ̀rẹ́ rẹ̀ bá lanu, ojú rẹ̀ ni yóò wò. Bí ojú náà bá le, á ní, "Ẹ̀ẹ̀mọ̀ rèé." Bó bá ń rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín. Lọ́pọ̀ ìgbà, ó máa ń bọ́ sí i. Ọjọ́ tí kò bá bọ́ sí i, wọ́n á ní orin ló tún wà lọ́kàn Ìyá Onírọ́ọ̀kì. Ọmọ rẹ̀ nìkan ni kò ṣeé tàn. Ó ti bẹ̀ ẹ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí àwọn lọ rí dókítà elétí, kí wọ́n fún un ní ẹ̀rọ ìgbọ́ràn.

"Mi ò tíì darúgbó," ni ìyá máa ń wí.

"Màámi, èmi ò sọ pé ẹ ti darúgbó."

"Mo gbọ́ ohun tó o sọ."

Bẹ́ẹ̀ ni kò sì gbọ́ ọ. Ẹnu rẹ̀ ló wò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni ọmọ náà gbé fóònù sí i níwájú. Àwòrán Olóhùn àti Ọlọ́wọ́-Òsì ló wà níbẹ̀, wọ́n jókòó ti ara wọn, irun orí wọn ti funfun, wọ́n ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀ sí rí. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ àwòrán náà pé Iná Òpópónà ti padà dé, wọn yóò sì ṣeré nínú gbọ̀ngàn ńlá ìlú lọ́sàn-án ọjọ́ Sátidé. Ìyá kà á tán, ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un kà.

"Mo ti ra tíkẹ́ẹ̀tì wa," ni ọmọ náà wí, ó rọra ń sọ ọ́ kí ìyá lè rí ẹnu rẹ̀. "Èmi pẹ̀lú yín."

Inú ìyá dùn débi pé omi tó gbé kaná fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ tán kó tó rántí rẹ̀. Àmọ́ nígbà tó dé ibi iṣẹ́, tó na aṣọ sórí tábìlì, ìbẹ̀rù yọ́ wọ inú rẹ̀. Orin Iná Òpópónà wà lórí rẹ̀ ní pípé pérépéré, kò sí ohùn kan tó yingin. Ó ti pẹ́ tó ti kó àwọn kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀ sínú àpótí, kò jẹ́ gbọ́ wọn mọ́, torí kò fẹ́ kí etí tó ti bàjẹ́ lọ ba ohun tó ṣì dára jẹ́. Tó bá wá dé gbọ̀ngàn náà, tó jẹ́ ariwo lásán ló gbọ́ ńkọ́?

"Ẹ̀rù ń bà mí," ló wí fún ọ̀rẹ́ rẹ̀, àmọ́ kò dárúkọ etí. "Kó má lọ jẹ́ pé wọn ò ní dùn mọ́."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kọjú sí i. "Àwọn bàbá arúgbó tí wọ́n fẹ́ máa fò sókè fò sílẹ̀? Eegun ẹ̀yìn wọn ni kó o máa bẹ̀rù fún."

Ìyá rí i pé ó ń rẹ́rìn-ín, òun náà bá a rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí Sátidé dé, òun àti ọmọ rẹ̀ tò sẹ́nu ọ̀nà gbọ̀ngàn pẹ̀lú àwọn èrò. Ara tù ú díẹ̀ bó ṣe rí àwọn tó wá. Àwọn ọkùnrin apárí wà níbẹ̀ tí wọ́n wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ tí wọ́n rà nígbà èwe, tí ikùn kò sì jẹ́ kí bọ́tìnnì rẹ̀ pàdé mọ́. Obìnrin kan gbé ọ̀pá ìtilẹ̀ tó kùn ní pupa àti dúdú. Ìlà tó gùn jù nínú gbogbo ọgbà náà ni ti ilé ìtọ̀. Ọmọ rẹ̀ ló kéré jù níbi tí wọ́n dúró sí, ó sì rọra fà á lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan nítòsí àwọn sípíkà gíga.

Nígbà tí iná kú, tí ìlù àkọ́kọ́ dún, àyà ìyá ló ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ni gìtá wọlé, ó sì wọlé síbi tó yẹ kó wọlé gẹ́lẹ́. Olóhùn bẹ̀rẹ̀ orin tí gbogbo ayé mọ̀ wọ́n mọ́, èyí tó ń bẹ ẹnì kan pé kó má tilẹ̀kùn. Ìyá Onírọ́ọ̀kì gbọ́ ọ. Ó gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó gbọ́ ibi tí ohùn ti ń gòkè bí ẹyẹ, ó gbọ́ ibi tó ti ń já wálẹ̀. Ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú pinpin.

"Mò ń gbọ́ ọ," ló wí. "Ohùn rẹ̀ ò yí padà rárá."

Ọmọ náà wò ó tìyanu-tìyanu. Orin parí, ó bá fẹnu sí i létí ọ̀tún. "Màámi, ohùn rẹ̀ já. Kò lè débi gíga yẹn mọ́. Àwọn èrò ló bá a gbé e. Ṣé ẹ ò rí i tó na makirofóònù sí wa ni?"

Ìyá ti rí ọwọ́ tó nà. Ó rò pé ó ń kí wọn ni. Ọ̀rọ̀ náà gún un lára díẹ̀, àmọ́ orin mìíràn ti bẹ̀rẹ̀, òun náà sì mọ ìyẹn bí ẹni mọ ọ̀nà ilé rẹ̀. Ó kọ ọ́ sókè. Àwọn apárí ń kọ ọ́, obìnrin tó gbé ọ̀pá ìtilẹ̀ ń fi í lu ilẹ̀. Orin ń tẹ̀lé orin, ìyá sì ń làágùn, ara rẹ̀ yá gágá.

Ìgbà tó yá, wọ́n gbé àga méjì wá sórí ìtàgé. Àwọn méjì yòókù kúrò. Olóhùn jókòó, Ọlọ́wọ́-Òsì jókòó tì í, ó gbé gìtá lé itan. Olóhùn sọ nǹkan kan, àwọn èrò sì pàtẹ́wọ́. Ìyá rí ìka Ọlọ́wọ́-Òsì tó ń rìn lórí okùn, ó rí ètè Olóhùn tó ń ṣí tó ń pa dé, ó dúró kí orin náà wọlé.

Kò wọlé. Ohun kan ń kùn nísàlẹ̀, bí ìgbà tí tírélà bá ń kọjá lẹ́yìn ògiri, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Orin tuntun ni. Kò sí lórí rẹ̀.

Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì. Gbogbo gbọ̀ngàn ti pa lọ́lọ́. Obìnrin tó ni ọ̀pá ìtilẹ̀ náà gbé ọwọ́ lé àyà. Nígbà tó wo ọmọ rẹ̀, omijé ń ṣàn lójú ọmọ náà. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti yé ìyá yékéyéké: kò gbọ́ èyíkéyìí nínú àwọn orin tó kọjá lọ. Òun ló ń kọ wọ́n sí ara rẹ̀ létí. Bó ṣe ń ro ìyẹn ló tún ro ọ̀rẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́, àti ọmọ tó dúró tì í yìí, àti gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti fi òye pa pọ̀ fún wọn láti ọdún mélòó sẹ́yìn. Ó fọwọ́ kan ọmọ rẹ̀ léjìká.

"Mi ò gbọ́ ọ," ló wí. "Kí ló ń sọ?"

Kò tíì bi í ní irú ìbéèrè yẹn rí. Ọmọ náà fọwọ́ nu ojú, ó gbé ẹnu sí etí ọ̀tún rẹ̀, ó sì ń sọ ọ́ fún un bí orin náà ṣe ń lọ.

"Ó ní òun ti kó lọ sílé tuntun. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí òun ń kó ife sí." Ó tún tẹ́tí sí orin náà. "Ó ní tí ọ̀rẹ́ òun bá wá, òun ò ní sọ fún un. Òun á jẹ́ kó máa ṣí gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù wò, kó lè pẹ́ lọ́dọ̀ òun."

Nígbà tí orin náà parí, Ọlọ́wọ́-Òsì na ọwọ́, ó tún ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì Olóhùn ṣe fún un, bí ìyá ti í tún aṣọ ọmọ tó ń lọ síléèwé ṣe. Gbogbo gbọ̀ngàn dìde. Ìyá Onírọ́ọ̀kì náà dìde, ó sì mọ ohun tó ń torí rẹ̀ dìde.

Oòrùn kò tíì wọ̀ nígbà tí wọ́n wọ bọ́ọ̀sì padà sílé. Ìyá jókòó sí apá ibi tí etí ọ̀tún rẹ̀ yóò fi kọjú sí ọmọ rẹ̀.

"Kí ló pa ọ́ lẹ́kún?"

Ọmọ náà kọ́kọ́ wo fèrèsé. "Ohun tí mo ti sọ fún yín lẹ́ẹ̀mejì ni."

"Kí ni mo fi dá ọ lóhùn?"

"Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ ní kí n bo ọbẹ̀, kí eṣinṣin má baà kó sí i. Ìkejì, ẹ ní tó bá dọ̀la, ẹ máa fọ̀ ọ́."

Ẹ̀rín gbé ìyá lọ, ó rín in títí tí omi fi jáde lójú rẹ̀, ọmọ náà sì ń bá a rín in. Ẹ̀yìn náà ni ìyá sinmi ẹ̀rín. Ó kó ọwọ́ ọmọ rẹ̀ méjèèjì pọ̀ sínú tirẹ̀.

"Sọ ọ́ fún mi. Sọ ọ́ bí ẹni tí kò tíì sọ ọ́ rí."

Ọmọ náà sọ ọ́ fún un. Ilé-iṣẹ́ rélùwéè ti mú un pé kó wá kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ ojú irin. Ìlú mìíràn ni yóò ti kọ́ ọ, yóò sì pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ó wù ú gan-an, àmọ́ kò mọ bó ṣe máa fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀, nígbà tó rò pé ìyá ti gbọ́, tí kò sì kà á sí.

"Ìwọ lo máa wa rélùwéè?" ni ìyá bi í. "Gbogbo rẹ̀, àti àwọn ọkọ̀ èrò tó so mọ́ ọn lẹ́yìn?"

"Gbogbo rẹ̀, Màámi."

Ìyá wo àwọn tó jókòó nínú bọ́ọ̀sì, bí ẹni tó ń wá ẹni tí yóò sọ fún. Lẹ́yìn náà ló ní, "Ọjọ́ wo ni a lè rí dókítà elétí yẹn?"

"Mọ́ńdè."

"Ká lọ lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Tó o bá lọ tán, orí fóònù la ó ti máa sọ̀rọ̀. Níbo ni mo ti fẹ́ rí ẹnu ẹ wò?"

Wọ́n lọ. Dókítà náà là á mọ́lẹ̀ fún un pé ẹ̀rọ kò lè dá ohun tó ti lọ padà, pé yóò kàn ran èyí tó kù lọ́wọ́ ni. Lọ́jọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, ayé le mọ́ ìyá létí. Bébà ń han, bàtà ń ké, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì ń jẹun bí ẹni tó ń fọ́ òkúta. Ó wá jókòó ti ọ̀rẹ́ náà, ó jẹ́wọ́ fún un pé etí òun ti ń di láti ọjọ́ pípẹ́.

"A mọ̀," ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí. "Gbogbo wa la mọ̀. A rò pé o ò fẹ́ ká dárúkọ ẹ̀ ni."

Ọmọ rẹ̀ lọ sí ìlú tó ń lọ. Ní ọjọ́ tó kọ́kọ́ fọwọ́ kan ẹ̀rọ tó ń darí ọkọ̀ ojú irin, ó pe ìyá rẹ̀, ìdùnnú kò sì jẹ́ kó mí láàárín ọ̀rọ̀. Ìyá jókòó sórí àga ilé ìdáná, ó fi fóònù sí etí ọ̀tún. Ó gbọ́ pé ẹ̀rọ náà wúwo. Ó gbọ́ pé olùkọ́ wọn kì í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yìn náà ni ọmọ náà sáré sọ nǹkan kan tó ré e kọjá.

"Mi ò gbọ́ èyí tó o sọ gbẹ̀yìn yẹn," ni ìyá wí. "Rọra tún un sọ."

Ọmọ náà rọra tún un sọ.