Ta Ló ń Kó Yanrìn Etíkun Lọ?

Abọ́sẹ̀dé kì í tètè gba ènìyàn gbọ́. Iṣẹ́ wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tó ti ń ṣe fún ọdún mẹ́rìndínlógún ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀: ohun tí o kò bá wọ̀n, má sọ pé o mọ̀ ọ́n. Al Taawun ní Sharjah ló ń gbé. Láràárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òun àti Bọ̀dá Ṣùáíbù máa ń lọ wọn yanrìn etíkun kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ òtẹ́ẹ̀lì tuntun, nítòsí ààlà Dubai. Bọ̀dá Ṣùáíbù ló ń wakọ̀, òun náà ló ń di ọ̀pá ìwọ̀n mú. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ ni, ó fi ọdún mẹ́sàn-án ju Abọ́sẹ̀dé lọ, ọ̀rọ̀ kì í sì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Ní oṣù kìn-ín-ní, èèkàn irin tí wọ́n rì síwájú òtẹ́ẹ̀lì náà kò yọ ju orúnkún lọ. Kó tó di ìparí oṣù kẹta, ó ti yọ dé àyà Abọ́sẹ̀dé.

"Wọ́n ń jí yanrìn yìí kó ni," ó wí.

"Òkun ló ń kó o," Bọ̀dá Ṣùáíbù dáhùn.

"Òkun wo? Òkun ní típà ni?"

Ọkùnrin náà gbé ọ̀pá ìwọ̀n, ó yà lọ sídìí ọkọ̀, ìyẹn ló sì bí ìfura. Abọ́sẹ̀dé rántí pé Bọ̀dá Ṣùáíbù ní ọ̀rẹ́ tó ń wa típà ní Al Quoz ní Dubai. Ó rántí bí ọkùnrin náà ṣe máa ń sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó gbé fóònù. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó rí yanrìn nínú búùtù ọkọ̀, ó rọra ya á ní fọ́tò. Láti ìgbà náà, ẹnu ló fi ń kí i pé "Ẹ káàárọ̀, Bọ̀dá mi". Ojú ń ṣọ́ ọ.

Ní àárọ̀ Sátidé kan tí kò sí iṣẹ́, ó wọ táksí lọ síbẹ̀. Ta ni ó rí? Bọ̀dá Ṣùáíbù, tó ká ṣòkòtò dé orúnkún, tó gbé korobá yanrìn méjì dání.

"Ọwọ́ mi tẹ̀ yín lónìí!"

"Abọ́sẹ̀dé, wo inú korobá kí o tó pariwo."

Yanrìn inú ọ̀kan pupa bí ẹni po osùn mọ́ ọn. Ti inú korobá kejì jẹ́ búlúù.

"Mo mọ̀ pé ò ń fura sí mi," ó wí. "Èyí pupa, apá Dubai ni màá dà á sí, kí ó tó kan òkúta tuntun yẹn. Búlúù, iwájú òtẹ́ẹ̀lì. Tó bá di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ká jọ wo ibi tí ìgbì gbé wọn dé."

Òkúta tó ń wí ni èyí tí òtẹ́ẹ̀lì tò wọnú òkun lọ́dún tó kọjá, kí ọkọ̀ ojú omi wọn lè ríbi gúnlẹ̀ sí. Abọ́sẹ̀dé kò tíì gbà. Ó bu díẹ̀ nínú yanrìn kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá, kí ẹnikẹ́ni má bàa fi òmíràn pààrọ̀ rẹ̀.

Afẹ́fẹ́ shamal, èyí tó máa ń ru òkun ibẹ̀ sókè, fẹ́ fún ọjọ́ méjì gbáko. Ìgbì kò dojú kọ etíkun tààrà. Ẹ̀gbẹ́ ló gbà wá, láti apá Dubai.

Nígbà tí wọ́n padà, yanrìn pupa ti kó ara jọ sẹ́sẹ̀ òkúta, níbi tí òkìtì yanrìn ti ń ga láti ọ̀pọ̀ oṣù sẹ́yìn. Ẹyọ kan kò kọjá sí òdìkejì. Búlúù sì ti pòórá níwájú òtẹ́ẹ̀lì. Wọ́n rìn fún ìdajì wákàtí sí apá Sharjah, títí dé ẹnu ọ̀sà, níbi tí yanrìn ti na ara jáde sínú omi bí ahọ́n. Abọ́sẹ̀dé fi ọwọ́ tú u. Búlúù wà níbẹ̀. Ó fi wé ti inú ọ̀rá: ọ̀kan náà ni.

"Yanrìn ń rìn lójoojúmọ́," Bọ̀dá Ṣùáíbù wí. "Ìgbì ń kó ti iwájú òtẹ́ẹ̀lì lọ, ó sì yẹ kí ti apá Dubai wá dípò rẹ̀. Òkúta wọn ló dènà."

Abọ́sẹ̀dé kúnlẹ̀ sórí yanrìn. "Ẹ má bínú, Bọ̀dá mi. Mo ya búùtù yín ní fọ́tò pàápàá."

"Mo rí ọ. Yanrìn tí mo fi ń dán àwọ̀ wò ni."

"Fóònù yẹn ńkọ́?"

"Ìyàwó mi ni."

Orúkọ Bọ̀dá Ṣùáíbù ni Abọ́sẹ̀dé fi ṣáájú nínú ìròyìn tó kọ. Máníjà òtẹ́ẹ̀lì kà á lẹ́ẹ̀mẹta, ó bi wọ́n bóyá ẹnìkan ló rán wọn wá ba òkúta òun jẹ́. Nígbẹ̀yìn ó ní, "Khalas," ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ ti parí, ó sì mú kí típà máa kó yanrìn láti ibi tó ga wá sí ibi tó ti tán, lọ́dọọdún.

Bọ̀dá Ṣùáíbù ti sọ pé òun dárí jì í. Ṣùgbọ́n ó tó oṣù méjì kó tó tún bá a jókòó jẹun.