Ọmọ Tí Wọ́n Ní Mo Jẹ Ọ̀rọ̀ Rẹ̀ Mọ́ Tèmi

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ẹnu kan wà nílé wa tí kì í sinmi, ẹnu ìyá bàbá mi ni. Ẹ má rò pé òfófó ni wọ́n ń ṣe o. Ọmọ ọwọ́ ni wọ́n máa ń bá sọ̀rọ̀. Lásìkò kòkó, tí a bá sá kòkó sórí ẹní lójúde wa ní Ìlódè, ní Ifẹ̀, àwọn ni wọ́n máa ń jókòó tì í, tí wọ́n á máa fọwọ́ yí i padà kó lè gbẹ dọ́gba, àbúrò mi tí kò tíì lè rìn á sì wà láàárín ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n á ní, "Kòkó nìyí. Ṣé o rí i? Ó tutù, àbí kò tutù?" Wọ́n á wá dákẹ́, wọ́n á tẹjú mọ́ ọmọ tí kò ní eyín kan lẹ́nu, bí ẹni tó ń retí ìdáhùn lẹ́nu baálẹ̀. Ọmọ á ní "buu." Wọ́n á ní, "Ẹ̀n-ẹ́n! O ní ó tutù. Òótọ́ lo sọ. Ewúrẹ́ ta ló ń bọ̀ yẹn? Sọ fún un kó padà." Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe é nìyẹn títí oòrùn á fi wọ̀.

Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe fún èmi. Èyí tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi báyìí ló ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ṣì ń rákò: ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu mi, ewúrẹ́ ni mo sọ ọ́ sí. Mo ní, "Ìwọ ewúrẹ́ yìí, o ò tiẹ̀ lójútì. Ṣé bàbá rẹ ló gbin kòkó yìí ni?" Ewúrẹ́ náà dúró, ó forí balẹ̀, ó gba ọ̀nà Ẹdúnàbọ̀n lọ, a ò sì rí i mọ́ títí di òní. Ẹ̀yin tí ẹ ń rẹ́rìn-ín, ẹ lọ bi àwọn tó wà níbẹ̀. Kí wọ́n tó kú, gbogbo wọn ló jẹ́rìí sí i.

Nígbà tí mo gbọ́n díẹ̀, mo wá ń fi ìyá àgbà ṣe yẹ̀yẹ́. Ta ní í bá ẹni tí kò lè dáhùn sọ̀rọ̀? Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ arúgbó tí kò ríṣẹ́ ṣe ni. Mo kàwé dé Sítáńdáàdì Fọ́ọ̀, mo sá kúrò nílé ẹ̀kọ́, mo lọ kọ́ṣẹ́ ọkọ̀ wíwà, mo sì di dẹ́rẹ́bà lọ́rì. Ìyàwó mi ló tọ́ àwọn ọmọ wa. Bí mo bá délé, wọ́n ti sùn. Bí mo bá ń lọ, wọn ò tíì jí. Nígbà tí mo fi máa gbé lọ́rì sílẹ̀, kálukú wọn ti dàgbà, wọ́n ti ń bọ̀ wá kí mi bí àlejò. Bí wọ́n ṣe ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀, mi ò kọ́ ọ. Lọ́rì nìkan ni mo mọ̀ ọ́n bá sọ̀rọ̀.

Ṣé ẹ rántí ayé àwọn sójà, láàárín ọdún 1990 sí 1999, nígbà tí èèyàn máa ń to ìlà epo láti àárọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú? Ìgbà yẹn ni ọmọbìnrin mi tó ń gbé Èkó gbé ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá fún wa. Òun àti ọkọ rẹ̀ máa ń jáde kí ilẹ̀ tó mọ́, ọmọ-ọ̀dọ̀ tí wọ́n fi ọmọ tì kò sì mọ̀ ju kó tan tẹlifíṣọ̀n fún un, kí òun náà sùn lọ. Ọmọ náà ti lé ní ọdún méjì. Ó ń sáré, ó ń jẹun bí alágbàṣe, ṣùgbọ́n kò sọ̀rọ̀. Kì í pe bàbá, kì í pe ìyá. Bí ó bá ń wá omi, á fa aṣọ èèyàn lọ sídìí àmù.

Ọmọbìnrin mi ń sunkún, ó ní, "Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀. Ilé tí bàbá mi wà, ọ̀rọ̀ ò lè wọ́n níbẹ̀."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mọ́ mi. Ẹ sì mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Ọkùnrin kan tó ń lẹ táyà pa àtíbàbà páànù síwájú ilé mi, ibẹ̀ ni àwọn èèyàn máa ń kó jọ sí nírọ̀lẹ́ láti gbọ́ ìtàn lẹ́nu mi. Mo sọ bí búréèkì lọ́rì mi ṣe já lórí òkè, tí mo bẹ lọ́rì náà jẹ́jẹ́ títí tó fi dúró fúnra rẹ̀. Mo sọ ti ọ̀nì tó wọ ọkọ̀ mi létí odò, tó jókòó sáàárín àwọn èrò, tó sì san owó ọkọ̀ rẹ̀ pé. Ìyàwó mi á jókòó sí ẹnu ọ̀nà, á máa ṣa ẹ̀wà, ọmọ á wà lórí itan rẹ̀. Bí mo bá ti parí ìtàn kan, màá rí i tó fẹnu sún mọ́ etí ọmọ, á sọ nǹkan wẹ́rẹ́, á dákẹ́ díẹ̀, ọmọ á sì bú sẹ́rìn-ín. Inú mi máa ń dùn. Mo rò pé ó ń sọ fún un pé akọni ni bàbá àgbà rẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n oṣù ń gorí oṣù, ọmọ ò sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ yunifásítì tó háyà yàrá lọ́dọ̀ wa ti lọ sílé, torí àwọn olùkọ́ wọn daṣẹ́ sílẹ̀. Bí mi ò bá sí ní ìta, ilé á pa rọ́rọ́. Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í wá ìdí rẹ̀. Ẹnì kan ní èdè ló pọ̀ jù fún un, pé Ifẹ̀ lèmi ń sọ, ìyàwó mi tó jẹ́ ọmọ Mọ́dákẹ́kẹ́ ń sọ tiwọn, tẹlifíṣọ̀n Èkó sì ti sọ òyìnbó sí i létí, ọmọ ò wá mọ èyí tí òun ó mú. Ọkùnrin tó ń lẹ táyà ló wá sọ èyí tó gún mi lọ́kàn. Ó ní, "Bàbá, ẹ ò ṣe sọ òótọ́? Ẹ ti jẹ ọ̀rọ̀ ọmọ yìí mọ́ tiyín!"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò dénú. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ń sọ ìtàn tí mo sì rí ọmọ yẹn tó ń wò mí, ó máa ń dà bíi pé mo jí ẹran nínú ọbẹ̀ rẹ̀.

Ìyàwó mi ló ní ká gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà ládùúgbò. Nọ́ọ̀sì tó wà níbẹ̀ kéré sí àbígbẹ̀yìn mi. Ó bọ́ sẹ́yìn ọmọ, ó lu agolo, ọmọ yíjú. Ó pè é kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ọmọ tún yíjú.

Ó ní, "Ó ń gbọ́rọ̀ dáadáa. Bàbá, ta ló ń bá a sọ̀rọ̀ nílé?"

Mo ní, "Ta ni kì í sọ̀rọ̀ nílé wa? Lọ bi gbogbo Ìlódè!"

"Mi ò béèrè ẹni tó ń sọ̀rọ̀, sà. Mo ní, ta ló ń bá òun sọ̀rọ̀?"

Ìyàwó mi wolẹ̀. Èmi wo òkè àjà. Nọ́ọ̀sì náà kò pariwo mọ́ mi, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó dùn mí. Ó ní ọ̀rọ̀ wa ń gba orí ọmọ náà kọjá, ẹnikẹ́ni ò sọ ọ́ sí i. Ó ní ohun tó bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni kí n sọ̀rọ̀ lé lórí, kí n sì dákẹ́ díẹ̀ kí ọmọ náà ráyè dáhùn, ká sì máa gbé e wá kí òun máa yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ń lọ sílé, mo ń rántí ẹní kòkó, mo ń rántí ìyá bàbá mi tí mo fi ṣe yẹ̀yẹ́. Ojú tì mí dé ilé.

Lọ́jọ́ kejì, ohun tó wà lọ́wọ́ ọmọ ni ìdérí ìkòkò ọbẹ̀. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ tì í. Ẹ̀yin èèyàn, èmi tí mo lè fi ọ̀nì kan ṣoṣo sọ̀rọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀, mi ò rí nǹkan sọ nípa ìdérí ìkòkò! Mo ní, "Ìdérí nìyí." Ọ̀rọ̀ tán. Ọmọ ń wò mí. Mo ní, "Ìdérí yìí, nígbà kan tí mo kó ẹrù lọ sí Ṣágámù..." Kí n tó dé Ṣágámù, ọmọ ti dìde, ó ti bá tirẹ̀ lọ.

Ìyàwó mi ń rẹ́rìn-ín nídìí àdògán. Ó ní, "Bàbá, ọmọ ò bá yín dé Ṣágámù o. Ibi tó wà ni kẹ́ ẹ ti lọ bá a."

Mo tún gbìyànjú. "Ìdérí. Dé e. Ṣí i. Ṣé ó gbóná?" Àfi bí ọkùnrin tó ń lẹ táyà ṣe yọjú wá bu omi, ló bá figbe ta: "Ẹ wá wò ó o! Lọ́rì ló ń bá sọ̀rọ̀ tẹ́lẹ̀, ó ti kan ìdérí ìkòkò!" Kíá ni mo gbé ìdérí náà sókè sí oòrùn, mo ní mo ń wò ó bóyá ó ti lu ni. Láti ìgbà náà, mo máa ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ bí kò bá sẹ́ni nítòsí. Bí mo bá ti gbọ́ ìró bàtà, màá panu mọ́. Àgbàlagbà ń tijú pé wọ́n ká òun mọ́ ibi tó ti ń bá ọmọ-ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ rí ayé.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn nígbà tí àna wa dé. Ìyá ọkọ ọmọ mi ni mo ń wí, tó ń ta iṣu àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà Ìbàdàn ní Ẹdúnàbọ̀n. Òun àti àgbàlagbà ọkùnrin kan nínú ẹbí wọn ló wá. Kò tíì jókòó tán tó fi ní, "Wọ́n ní ọmọ wa ti di odi. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, a ó mú un lọ lónìí. Ẹnì kan wà lọ́dọ̀ wa tó máa sín in ní gbẹ́rẹ́ lábẹ́ ahọ́n, okùn tó dè é á tú."

Ìyàwó mi fa ọmọ mọ́ra. Abẹ lábẹ́ ahọ́n ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta! A ò sì lè sọ pé kí wọ́n má mú un. Ọmọ wọn ni. Kí ni mo wá ní tí mo lè fi gba ọmọ náà sílẹ̀ bí kò ṣe ẹnu mi?

Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, "Odi ta ni? Ọmọ yìí? Ìyá, àná ló kí gbogbo Ìlódè lójúlé-lójúlé. Láàárọ̀ yìí, oríkì bàbá rẹ̀ ló kì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, tó fi kan tiyín náà, omi bọ́ lójú mi. Àkùkọ tó fẹ́ kọ, nígbà tó gbọ́ ọ, ó tijú, ó pa dà sí ilé. Àárẹ̀ ọ̀rọ̀ ló mú ọmọ, ló fi dákẹ́ báyìí."

Mo sinmi kí n lè gbé itọ́ mì. Ọmọ gbójú sókè, ó wo ẹnu ìyàwó mi bí ẹni tó ń retí nǹkan. Ìyàwó mi ò sọ nǹkan kan. Ló bá yí ojú sí mi, ó la ẹnu, ó ní:

"Iyọ́ ni!"

Kò tíì lè pè é délẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tí kò gbọ́ ọ. Irọ́ ni. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ lẹ́nu ọmọ-ọmọ mi, lójú àwọn àna mi, nínú ilé tí mo kọ́.

Ìyá Ẹdúnàbọ̀n rẹ́rìn-ín títí gèlè fi bọ́ lórí rẹ̀. "Ẹ ò tọ́ odi fún wa o, adájọ́ lẹ tọ́!" Àgbàlagbà tó tẹ̀ lé e ní kí wọ́n fi ọmọ sílẹ̀ níbi tó ti ń rí ẹjọ́ dá. Wọ́n jẹun, wọ́n lọ. Kò sẹ́ni tó tún sọ̀rọ̀ gbẹ́rẹ́ mọ́. Èmi ò lè wo ojú ẹnikẹ́ni nínú wọn.

Mo wá bi ìyàwó mi ohun tó máa ń sọ sí ọmọ létí nírọ̀lẹ́. Ó ní, "Mo máa ń bi í pé, 'Kí ni bàbá ń pa?' Màá dúró. Bí kò bá dáhùn, màá bá a dáhùn pé, 'Irọ́ ni.'" Ohun tí ìyá bàbá mi máa ń ṣe gan-an ló ń ṣe. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fẹ́ fò, ìtìjú sì mú mi tó bẹ́ẹ̀ tí mi ò jáde sí abẹ́ páànù lọ́jọ́ náà. Ní ìrọ̀lẹ́, ọmọ gbé ìdérí ìkòkò wá, ó gbé e lé mi lórí itan. Ó ní, "Déyí." Ẹ jẹ́ kí n sọ eléyìí láìfi iyọ̀ sí i: mo sunkún.

Ayé ti yí. Kò sẹ́ni tó ń sá kòkó lójúde wa mọ́. Ọmọ yẹn ti nírùngbọ̀n, òun náà ti bímọ, fóònù ni wọ́n sì ń gbé lé ọmọ lọ́wọ́ báyìí kó lè jẹ́ kí àgbà ráyè. Ẹnu mi ò gbà á láti bá wọn wí. Fóònù ò sí nígbà tèmi, síbẹ̀ mo wà nílé tí ọ̀rọ̀ kún, ebi ọ̀rọ̀ sì ń pa ọmọ níbẹ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ọmọ-ọmọ mi yẹn gbé ọmọ rẹ̀ obìnrin wá kí mi. Ó ní, "Bàbá, ẹ sọ fún un nípa ọ̀nì tó sanwó ọkọ̀." Mo ní ọ̀nì á dúró. Ṣíbí ló wà lọ́wọ́ ọmọ náà. Mo jókòó sílẹ̀ tì í, orúnkún mi ké, àwọn èèyàn ń kọjá lójúde, mi ò sì wò wọ́n. Mo ní, "Ṣíbí nìyí. Ó tutù, àbí kò tutù?"

Lẹ́yìn náà, ẹnu mi yìí, tí gbogbo Ìlódè mọ̀, mo pa á dé. Mo ń dúró dè é.