Pẹ́pẹ́yẹ Tí Ọmọ Mi Gbé Mọ́ra

Ọjọ́ tí a lọ ka ẹyẹ omi ní Harburg, ní ilẹ̀ Jámánì, nínú oṣù kọkànlá ọdún 2016, kò ní kúrò lọ́kàn mi láéláé.

Frau Krüger, ìyá àgbà aládùúgbò wa, ló mú èmi àti Mojísọ́lá, ọmọ mi ọmọ ọdún méje, lọ sí adágún omi ńlá kan. Ọdọọdún ló máa ń ka àwọn ẹyẹ tó bá bà síbẹ̀. Nígbà tí a débẹ̀ láàárọ̀, a kò gbọ́ igbe ẹyẹ kankan. Pẹ́pẹ́yẹ mẹ́ta ń pòyì lójú kan lórí omi, ọrùn wọn lọ́ sẹ́yìn. A rìn síwájú, a sì rí òkú àwọn mìíràn jáǹtirẹrẹ nínú koríko etí omi. Frau Krüger pa ìwé rẹ̀ dé.

Ó ní, “Ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan o! Àrùn ni.”

Mo bojú wẹ̀yìn. Mojísọ́lá ti gbé pẹ́pẹ́yẹ kan mọ́ àyà.

Ó ní, “Mama, ihr ist kalt.” Òtútù ló rò pé ó ń mú un.

Mo já a gbà, mo sọ ọ́ sínú koríko. Ọmọ bú sẹ́kún.

Dókítà ní kí n máa ṣọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́wàá. Nọ́ọ̀sì ni mí, síbẹ̀ n kò lè sùn. Lọ́jọ́ kẹrin ara rẹ̀ gbóná, ẹ̀rù bà mí dé egungun. Ṣùgbọ́n ọ̀fìnkìn lásán ni.

Nígbà tí ara rẹ̀ yá, ó bi mí pé, “Mọ́mì, ṣebí pẹ́pẹ́yẹ yẹn kò tíì kú nígbà tí ẹ jù ú nù?”