Irùngbọ̀n Àǹtí Kìíjókòó

Àǹtí Kìíjókòó ni àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi tó ń kọ́ máa ń pè é, orúkọ náà sì bá a mu rẹ́gí. Bó ṣe ń so okùn bàtà ọmọ kan, ojú rẹ̀ á wà lára èyí tó fẹ́ jẹ ṣọ́ọ̀kì, ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì ti máa ya sẹ́nu ọ̀nà láti lọ pa ilẹ̀kùn dé. Àga ẹ̀yìn tábìlì rẹ̀ ò mọ ìdí rẹ̀ rí. Àwọn olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rò pé ìfẹ́ iṣẹ́ ló pọ̀ lára rẹ̀. Wọn ò mọ̀ pé ojú ẹni tó bá jókòó sójú kan kì í pẹ́ di àwòfín, ohun tó sì ń sá fún gan-an nìyẹn.

Irùngbọ̀n ló ń hù ú. Kì í ṣe irun wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tí èèyàn á fi ojú fò. Irun dúdú ni, ó le bí irun búrọ́ọ̀ṣì. Láràárọ̀, á ti ilẹ̀kùn balùwẹ̀, á ṣí omi sílẹ̀ kó máa dà, kí ará ilé kejì má baà gbọ́ ìró abẹ. Á fá a, á fi pọ́dà bò ó. Kó tó di ọ̀sán, ó ti tún ń gún ọwọ́. Èyí tó wá mú ọ̀rọ̀ náà burú ni pé irun orí rẹ̀ ń já. Èyí tó fẹ́ ń lọ, èyí tí kò pè ń bọ̀. Nǹkan oṣù rẹ̀ pàápàá ń wá nígbà tó bá wù ú. Ó ra òróró, ó ra ọṣẹ, ó ra ìpara kan tó bó o lójú. Pàbó ni gbogbo rẹ̀ já sí.

Àfẹ́sọ́nà rẹ̀, oníná tó ń fa wáyà sínú ilé tuntun, ò mọ ohun tó ṣe. Bó bá ti na ọwọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, á yẹra fìrì.

"Ṣé wáyà tíná wà nínú ẹ̀ ni mí ni, tí o fi ń sá fún mi báyìí?"

Á rẹ́rìn-ín, á ní òun gbé nǹkan kaná.

Lọ́jọ́ kan, ó bẹ̀rẹ̀ láti nu imú ọmọbìnrin kékeré kan. Ọmọ náà fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ ra á lára, ló bá fà sẹ́yìn. "Àǹtí, àgbọ̀n yín ń gún mi. Bíi ti dádì mi!"

Ni gbogbo kíláàsì bá dìde. "Ẹ jẹ́ kí èmi náà fọwọ́ kàn án!" Wọ́n tò sẹ́yìn ara wọn bí ẹni tó fẹ́ gba bisikíìtì. Ó pàtẹ́wọ́, ó dá orin lé wọn lẹ́nu. Nígbà tí wọ́n jáde, ó gbàgbé láti wọ ọkọ̀. Ó rìn títí, àfi bó ṣe bá ara rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣe irun.

"Jókòó," ni ẹ̀gbọ́n wí.

"Ẹ jẹ́ kí n dúró."

Ẹ̀gbọ́n tẹ̀ ẹ́ léjìká sórí àga, ó tú gèlè orí rẹ̀. Obìnrin tó máa ń sọ̀rọ̀ tòun ti kóòmù lẹ́nu yọ kóòmù náà, ó fi ya irun àárín orí tó ti ń pá.

"O mọ̀ pé irun niṣẹ́ mi, o wá ń gbé orí pamọ́ fún mi?"

"Èyí tó wà lórí lẹ lè dì, ẹ̀gbọ́n mi. Ti àgbọ̀n ńkọ́? Ṣé ẹ máa bá mi dì í ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ẹkún. Ẹ̀gbọ́n nu ojú. "Mi ò mọ ohun tó ń ṣe ọ́. Àmọ́ ó di ọ̀dọ̀ dókítà, èmi ni mo sì máa mú ọ lọ."

Dókítà náà, obìnrin kan tí kì í kánjú, wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀ tó dúdú tó sì nípọn, èyí tó ti ń fi kànrìnkàn bó bí ìdọ̀tí. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n ya àwòrán inú ikùn rẹ̀. Nígbà tí èsì dé, dókítà bi í pé, "Ta ló ní ìtọ̀ ṣúgà nínú ẹbí yín?"

"Màmá wa ni."

"Ó dáa. Hòmóònù kan wà tó ń jẹ́ ínsúlíìnì. Tí ẹ bá jẹun tán, òun ló ń sọ fún ara pé kó gba ṣúgà wọlé láti inú ẹ̀jẹ̀. Ara tiyín ò fẹ́ gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́, ló bá ń pọ̀ sí i, bí ẹni tó ń pariwo mọ́ adití; òun náà ló mú ẹ̀yìn ọrùn yín dúdú. Ariwo yẹn wá dé ilé ẹyin yín, ìyẹn náà wá ń ṣe hòmóònù tó pọ̀ lára ọkùnrin, èyí tó ń mú irùngbọ̀n hù, jáde ju bó ṣe yẹ lọ."

"Tó bá ń mú irun hù, kí ló dé tí torí ń já?"

"Gbòǹgbò irun ò gbà á bákan náà. Ti àgbọ̀n á gbà á, á nípọn. Ti orí á gbà á, á máa tín-ín-rín."

"Dókítà, ṣé mò ń di ọkùnrin ni?"

"Rárá o! Obìnrin bíi tiyín pọ̀ nílùú, abẹ́ pọ́dà ni wọ́n wà."

Ó fún un lóògùn, ó ní kó dín ọtí ẹlẹ́rìndòdò àti ohun dídùn kù, kó sì máa rìn. Ìrìn ò ṣòro. Ohun tó ṣòro ni gbólóhùn tó tẹ̀ lé e: "Ẹ má retí ẹ̀ lọ́la o. Irun kì í yára."

Kò dúró kí irun yára. Nígbà tí oníná wá, tó bi í bóyá ọkùnrin mìíràn ló ní, Àǹtí mú ọwọ́ rẹ̀, ó gbé e lé àgbọ̀n ara rẹ̀ tí kò fá.

"Òun lo ń tìtorí ẹ̀ sá fún mi?"

"Òun ni."

Oníná ò rẹ́rìn-ín. Ó bi í bóyá ó ń dùn ún, bóyá wọ́n á lè bímọ. Àǹtí ní dókítà sọ pé ó ṣeé ṣe, àmọ́ ó lè gba sùúrù. Ọkùnrin náà dìde, ó lọ sílé. Kò pè.

Àǹtí Kìíjókòó fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹsẹ̀ lu pálọ̀ jò. Á gbé fóònù, á gbé e sílẹ̀, á tún pààrà wíńdò. Ọ̀sẹ̀ ti fẹ́ parí kí oníná tó yọ, tòun ti bàtà ìsáré. Ó ní ẹ̀rù ló ba òun, òun ò mọ ohun tí òun fẹ́ sọ, òun ò sì tíì mọ̀ ọ́n, àmọ́ ìrìn tí dókítà ní kó máa rìn, òun á bá a rìn ín.

Wọ́n jọ ń rìn báyìí ní ìrọ̀lẹ́. Oníná á máa mí hẹlẹhẹlẹ lẹ́yìn, á ní ṣé wọ́n ń lé e ni. Nǹkan oṣù rẹ̀ ti ń mọ àsìkò. Irùngbọ̀n ò lọ, ó kàn ń falẹ̀ ni. Láàárín orí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí irun wẹ́wẹ́ níbì kan, kò rí nǹkan kan níbì kejì. Ó ṣì ń wo dígí ju bó ṣe yẹ lọ. Lọ́jọ́ tó bá sì lọ rí dókítà, kó tó kí i tán ló ti ń bi í pé, "Ìgbà wo gan-an ló máa tán?"