Omi Gba Ẹ̀yìnkùlé Wọlé

Títún àwọ̀n tó ya ṣe ni iṣẹ́ Aláwọ̀n, bí gbogbo erékùṣù ṣe ń pè é, àmọ́ òkun tó ń jẹ ilẹ̀ wọn ti sọ ọ́ di balógun lójijì. Ilé rẹ̀ ló sún mọ́ òkun jù. Bí ilé náà bá lọ, òun àti ìyàwó rẹ̀ kò ní ibòmíràn tí wọn yóò forí pamọ́ sí.

Ó bá kó àwọn apẹja jọ. Wọ́n rọ iyanrìn sínú àpò, wọ́n fi àwọ̀n àlòkù dì wọ́n pọ̀, wọ́n sì tò wọ́n bí ògiri síwájú ilé. Ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, létí ọ̀sà, ni wọ́n ti ń wa iyanrìn, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ ru ẹrù jìnnà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń wa ọkọ̀ ojú omi ló ní ibẹ̀ yá.

"Òkun ló ń bá wa jà," ni Aláwọ̀n wí. "Ọ̀sà ò bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀tá."

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí òkun ru gùdù, ó dúró lẹ́yìn ògiri náà, ó ń rẹ́rìn-ín. Omi kankan kò kọjá.

Ìyàwó rẹ̀ figbe ta láti ilé ìdáná. "Baálé mi, ìkòkò mi ń léfòó o!"

Ó sáré wọlé. Omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀. Ó wo ẹnu ọ̀nà iwájú, gbígbẹ ni. Ó padà lọ wo ògiri, ó tún wọlé, bí ẹni tó ṣìnà nínú ilé ara rẹ̀.

"Ibo ló gbà?"

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń wa ọkọ̀, tó ti sáré tẹ̀lé e wọlé, nawọ́ sí ẹ̀yìnkùlé. Kò sí ẹ̀yìnkùlé mọ́. Àwọn kòtò tí wọ́n gbẹ́ ti di ọ̀sà.

"Ìwọ kọ́ lo ní ibẹ̀ yá?" ni Aláwọ̀n bi í.

"Mo ní ó yá. Mi ò ní ó dáa."

Aláwọ̀n fa àpò kan yọ lára ògiri, ó gbé e léjìká, ó dé àárín pálọ̀, ó dúró. Tó bá fi dí ẹ̀yìn, òkun á gba iwájú. Tó bá dá a padà síwájú, ọ̀sà rèé lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ìyá ilé, èwo ni kí n dí?"

"Bí ikú ilé ò pani..." Obìnrin náà kò parí ọ̀rọ̀. "Ẹ gbé e kalẹ̀ ná. Ẹ wá bá mi di ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mú."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti lọ tú okùn ọkọ̀ rẹ̀. Aláwọ̀n gbé àpò náà kalẹ̀ sáàárín pálọ̀, omi sì pín sí méjì, ó gba ọ̀tún àti òsì rẹ̀ kọjá.