Ohùn Ńlá àti Àwo Orin Àbúrò Rẹ̀

Obìnrin tí gbogbo ìjọ ń pè ní Ohùn Ńlá kì í ṣe ẹni ńlá lójú. Ó kúrú, ó sì tín-ín-rín. Bó bá dúró sídìí tábìlì ìlọṣọ ní ilé ìfọṣọ tó ti ń ṣiṣẹ́, àwọn aṣọ tí wọ́n fi kọ́ sókè a máa bò ó mọ́lẹ̀, oníbàárà á máa pè é, kò ní rí i. Ṣùgbọ́n jẹ́ kó la ẹnu! Lọ́jọ́ Ìsinmi, bó bá dá orin níwájú ẹgbẹ́ akọrin, ọmọ tó ń sunkún á dákẹ́, àgbà tó ti ń tòògbé á jókòó dáadáa. Aláwàdà kan nínú ìjọ sọ pé ọjọ́ tí Ohùn Ńlá bá wá sí ìsìn, kí wọ́n gbé máìkì ṣọ́ọ̀ṣì lọ fún ẹni tó nílò rẹ̀.

Òun ló tọ́ àbúrò rẹ̀ obìnrin dàgbà. Àbúrò náà ṣì wà nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ìyá wọn kú, ẹ̀gbọ́n bá di ìyá lọ́sàn-án gangan. Òun ló ń di irun fún un, òun ló ń lọ aṣọ ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, òun náà ló sì kọ́ ọ lórin. Orin tí ìyá wọn máa ń kọ bó bá ń gbálẹ̀, èyí tó fi ń rẹ ọmọ lẹ́kún, èyí tó fi ń bú bàbá wọn láìdárúkọ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n jọ kọ́ sórí. Kékeré ni wọ́n ń pe àbúrò yìí. Nígbà tó ga tán, tí orí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò ju èjìká rẹ̀ lọ, Kékeré náà ni wọ́n ṣì ń pè é. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, Ohùn Ńlá á dá orin, Kékeré á gbè é. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é títí ó fi dà bí ìlànà ìsìn, kò sì sẹ́ni tó rò pé ó lè yí padà.

Ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe ni Kékeré ti ń ṣiṣẹ́. Níbẹ̀ ló ti rí kọ̀ǹpútà àlòkù kan, ó tún un ṣe, ó gbé e lọ sí yàrá rẹ̀. Láti ìgbà náà, bó bá ti tibi iṣẹ́ dé, yóò tilẹ̀kùn mọ́rí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rò pé ó ti rí ọkùnrin ni, inú rẹ̀ sì ń dùn.

Ọ̀sán Sátidé kan ni Kékeré wá bá a nílé ìfọṣọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bá mi gbọ́ nǹkan yìí."

Ohùn Ńlá nu ọwọ́ sára ẹ̀wù, ó ki ohun tí wọ́n fi ń gbọ́ orin bọ etí. Orin ìgbálẹ̀ ìyá wọn ló kọ́kọ́ gbọ́, ohùn Kékeré nìkan, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń bá ìrọ̀rí sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan ń kán tó, tó, tó lábẹ́ rẹ̀, bí omi òjò lórí páànù, ìró tó wúwo kan sì tẹ̀ lé e tó ń mi àyà. Ìgbà tí orin náà padà, ọ̀rọ̀ inú Sáàmù ló ti wà nínú rẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ohùn ń gbè é.

"Ta ló ń lu nǹkan yẹn?"

"Kò sẹ́ni tó ń lù ú, kọ̀ǹpútà ni. Èmi ni mo tò ó."

"Àwọn wo ló wá ń gbè é?"

"Èmi náà ni, ẹ̀gbọ́n mi. Mo kọ ọ́, mo tún un kọ, mo wá tò wọ́n léra." Ojú ọmọ náà ń dán. "Mo fẹ́ fi ṣe àwo orin. Àwo tèmi, àkọ́kọ́."

*Tèmi.* Ọ̀rọ̀ kékeré yẹn wọ Ohùn Ńlá lára bí abẹ́rẹ́ tí aránṣọ gbàgbé sínú aṣọ. Ó fi ẹ̀rín bò ó. Ó ní, "Ó dáa. Ọlọ́run á fọwọ́ sí i." Nígbà tí Kékeré lọ tán, ó gbé áyọ́ọ̀nù lé ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì kan, ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ títí èéfín fi rú.

Àwo orin náà jáde, Ohùn Ńlá kò sì rí ibi sá sí. Ó débi iṣẹ́, ọ̀gá rẹ̀ ń gbọ́ ọ lórí fóònù. Ó wọ ọjà, obìnrin kan di mọ́ ọn: "Ẹ kú oríire o! Ẹ̀yin náà wà nínú rẹ̀, àbí? Mo ń wá ohùn yín títí." Ó rẹ́rìn-ín, eyín rẹ̀ gbẹ. Ó délé, ọkọ rẹ̀, tó ń wa bọ́ọ̀sì ilé ẹ̀kọ́, ń fá irùngbọ̀n níwájú dígí, ó sì ń kun orin náà.

"Bàbá wọn, ṣé kò sí orin mìíràn láyé mọ́ ni?"

"Ìyá wọn, ṣé èmi ni mò ń kọ ọ́? Òun ló ń kọ ara rẹ̀ lẹ́nu mi. Àwọn ọmọ inú bọ́ọ̀sì náà ti mọ̀ ọ́n tán."

Ó bọ́ sí balùwẹ̀, ó ti ìlẹ̀kùn, ó gbọ́ àwo náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àṣìṣe ló ń wá. Ibi tí Kékeré á ti sọ orin nù, ibi tí èémí á ti tán nínú rẹ̀, ibi tí ẹ̀rọ á ti bo ohùn mọ́lẹ̀. Kò rí kankan. Orin náà dára, ohun tó sì dùn ún jù nìyẹn. Bó bá jẹ́ pé kò dára ni, ì bá káàánú àbúrò rẹ̀, ì bá tún fẹ́ràn rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀.

Àìmẹ́nu, àìmétè ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Kékeré ti tọrọ gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì láti fi kọ orin inú àwo náà fún àwọn èèyàn, pásítọ̀ sì ti gbà. Ni Ohùn Ńlá bá lọ bá pásítọ̀ ní ọ́fíìsì rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, n kò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni gbọ́ pé èmi ni mo sọ ọ́. Orin inú ilé lásán ni Kékeré ti ọ̀rọ̀ Ọlọ́run bọ̀. Ariwo ẹ̀rọ wá pọ̀ nínú rẹ̀. Bí àwọn ọ̀dọ́ bá bẹ̀rẹ̀ sí í jó ijó òde nínú ilé Ọlọ́run ńkọ́?"

Pásítọ̀ kò tíì gbọ́ orin náà. Ó pa ojú dé díẹ̀. "Bí ẹ̀yin tí ẹ tọ́ ọ bá ń sọ báyìí, kí ni kí èmi ó sọ?"

Ara Ohùn Ńlá fúyẹ́ bó ṣe ń lọ sílé. Ṣùgbọ́n ìfúyẹ́ ọ̀hún kò pẹ́. Ọjọ́ kejì ni Kékeré wọlé wá, ojú rẹ̀ wú, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá àga ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bó ti máa ń ṣe nígbà tí wọ́n bá ń di irun fún un.

"Wọ́n ti gba gbọ̀ngàn lọ́wọ́ mi, ẹ̀gbọ́n mi. Wọ́n ní ẹnì kan sọ pé orin ayé ni."

"Pẹ̀lẹ́," ni Ohùn Ńlá wí, ó sì ń fọwọ́ pa á lórí. "Má sunkún mọ́. Bóyá àkókò rẹ̀ ni kò tíì tó." Ẹnu tó fi bà á jẹ́ ló fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó mọ̀ ọ́n, ojú tì í, síbẹ̀ ibì kan nínú ọkàn rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn.

Ọkọ rẹ̀ ló ba ìdùnnú náà jẹ́. "Gbọ̀ngàn lẹ wá ń sunkún sí? Ilé ẹ̀kọ́ wa ní gbọ̀ngàn. Ìyáàfin ọ̀gá àgbà fẹ́ràn orin yẹn ju èmi lọ. N ó bá wọn sọ̀rọ̀ lọ́la." Ohùn Ńlá wo ọkọ rẹ̀ bí ẹni tí ará ilé rẹ̀ dà.

Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n ṣe é ní gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ náà. Ohùn Ńlá jókòó sẹ́yìn pátápátá, ó ń fi ojú ka àga tó ṣófo, títí kò fi sí àga tó ṣófo mọ́. Kékeré dúró lórí ìtàgé, òun àti kọ̀ǹpútà rẹ̀ lórí tábìlì, sípíkà méjì lọ́tùn-ún lósì. Kò pariwo, kò fò sókè. Ó kàn ń kọrin ni, àwọn èèyàn sì ń tẹ̀ lé e bí omi ṣe ń tẹ̀ lé ojú àgbàrá. Láàárín kan, ó gbé ojú sókè.

"Ẹni tó kọ́ mi lórin wà níbí. Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá."

Kò sí bó ṣe lè kọ̀ ọ́. Bó sì ti ń gun àkàsọ̀ ló ń sọ nínú ara rẹ̀ pé, *òní ni wọn ó mọ ẹni tó ni ohùn.* Orin ìgbálẹ̀ ni Kékeré tẹ̀. Ohùn Ńlá gbà á mọ́ ọn lẹ́nu, ohùn rẹ̀ kún gbọ̀ngàn, gbogbo èèyàn hó yèè. Ó fa orin náà gùn bó ti máa ń fà á ní ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí gbogbo akọrin ti máa ń dúró dè é. Ẹ̀rọ kò dúró. Ìgbà tó fi máa padà, ìró tó, tó, tó náà ti kọjá lọ. Ó sáré lé e, ó ṣì í. Ó tún un mú, ó tún bọ́. Ọmọ kan rẹ́rìn-ín níwájú. Òógùn bo Ohùn Ńlá.

Lójijì, gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Kékeré ti pa ẹ̀rọ. Ó rìn wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì rọra gbè é, bíi ti àtijọ́. Àwọn méjèèjì kọ orin náà tán láìsí nǹkan mìíràn. Ariwo àtẹ́wọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ ká òrùlé. Àmọ́ lójú Ohùn Ńlá, àánú ni wọ́n ń pàtẹ́wọ́ fún.

Nígbà tí èrò tú ká, ó bá Kékeré lẹ́yìn gbọ̀ngàn, níbi tó ti ń ká wáyà sípíkà.

"Kékeré, èmi ni mo lọ bá pásítọ̀."

"Mo mọ̀ mà."

"Ta ló sọ fún ẹ?"

"Nígbà tí mo padà lọ bá pásítọ̀, ó ní ẹni tó tọ́ mi ló sọ ọ́. Ta ló tún tọ́ mi?"

"O mọ̀, o sì pè mí sórí ìtàgé?"

Kékeré kò gbójú sókè. "Inú ló bí mi. Mo mọ̀ pé ẹ ó fa orin gùn. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ kò ní dúró dè yín. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ tẹ́." Wáyà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Nígbà tí mo wá rí ojú yín, n kò lè ṣe é mọ́."

Ohùn Ńlá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú wáyà náà. "Ìkà ni ẹ́ o."

"Ilé yín ni mo ti kọ́ ọ."

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n, kí ẹkún tó dé. "Mo jowú ẹ, Kékeré. Mo ṣì ń jowú ẹ báyìí tí mo dúró yìí."

"Ẹ máa jowú mi, mo gbà. Ṣùgbọ́n èmi ni kẹ́ ẹ máa wá sọ ọ́ fún. Ẹ má tún gbé e lọ bá pásítọ̀."

Lọ́jọ́ Ajé, Ohùn Ńlá padà lọ sí ọ́fíìsì pásítọ̀, ó ní owú ló sọ̀rọ̀ lẹ́nu òun, kì í ṣe Ẹ̀mí Mímọ́. Pásítọ̀ bá a wí, ó sì bá ara rẹ̀ náà wí, nítorí ó dá ẹjọ́ orin tí kò gbọ́. Kò pẹ́ tí Kékeré fi gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ọ̀dọ́ jó, òrùlé kò sì wó.

Ìlú mìíràn ti wá ń pe Kékeré báyìí. Ohùn Ńlá ṣì wà nílé ìfọṣọ, òun ló sì ń lọ aṣọ tí àbúrò rẹ̀ ń wọ̀ jáde. Lọ́jọ́ mìíràn, ó máa ń lọ̀ ọ́ pẹ̀lú orin lẹ́nu. Lọ́jọ́ mìíràn ẹ̀wẹ̀, owú náà á gbé e lọ́fun bí egungun ẹja, á fi áyọ́ọ̀nù sílẹ̀, á mú fóònù.

"Kékeré, lónìí yìí, mo jowú ẹ gan-an ni."

"Ẹ kú ìnira, ẹ̀gbọ́n mi. Ṣé ẹ ti jẹun?"

"N kò tíì jẹun."

"Ẹ lọ jẹun ná. Tẹ́ ẹ bá jẹun tán tó bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ tún pè mí."